Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Bíríìjì Áńpù Oní-fáàfù fún Sípíkà Ọ́ọ̀mù 4

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn wa yìí. Ojú ìwé tí ẹ ti ń dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀rọ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, kí n tó ka ohun tí àwọn olóṣèlú sọ. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá fi dùn mí dé egungun. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín pé bàbá òun fi áńpìlìfáyà oní-fáàfù méjì sílẹ̀ (fáàfù ni ìgò tó ń gbé ohùn ga nínú rẹ̀), Dynaco Stereo 70 ni méjèèjì, pẹ̀lú sípíkà AR-3a méjì tí wọ́n kọ ọ́ọ̀mù 4 sí lẹ́yìn; ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe lè fi áńpù kan sídìí sípíkà kan kí agbára rẹ̀ lè tó. Ẹni tó dá a lóhùn ní kó bíríìjì apá òsì àti apá ọ̀tún áńpù kọ̀ọ̀kan, kí apá kan máa ti sípíkà síwájú bí èkejì bá ń fà á sẹ́yìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yá èèyàn ní ohun èlò orin ṣe ń ṣe é lóde àríyá, àti pé agbára yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Olóòtú, ìmọ̀ràn yẹn kò dára fún ẹ̀rọ náà rárá. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ náà ṣe: kó so apá méjèèjì pọ̀ ní párálẹ́ẹ̀lì, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, lójú ọ́ọ̀mù tó bá a mu (ojú ni ibi tí wọ́n ń so wáyà sípíkà mọ́ lẹ́yìn áńpù). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n là á yé àwọn òǹkàwé, torí kì í ṣe òun nìkan ló ka ìdáhùn yẹn. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ìsọ̀ mi ti gé e jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́, ní Èkótẹ̀dó, n'Ìbàdàn, nígbà tí ẹ̀rọ oní-fáàfù ṣì pọ̀ nígboro. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan tú ẹ̀yìn áńpù àfi tó bá kọ́kọ́ sọ iye ọ́ọ̀mù sípíkà tí wọ́n so mọ́ ọn. Áńpù àwọn olórin jùjú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé sinimá, gbogbo wọn ló gba abẹ́ ọwọ́ wa kọjá. Èyí tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ni èyí tí tiransífọ́mà ìjáde rẹ̀ ti jó. Fáàfù ṣeé rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní EL34 ṣì ń jáde ní tuntun láti Rọ́ṣíà, láti Slovakia àti láti Ṣáínà. Tiransífọ́mà ìjáde kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà lórí àtẹ. Irin àti kọ́pà ni, ó wúwo bí òkúta, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá láti Amẹ́ríkà sì lè ga ju owó tí wọ́n ń tà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú áńpù náà. Iléeṣẹ́ Dynaco, tó wà ní Philadelphia lábẹ́ David Hafler, ló gbé Stereo 70 jáde ní 1959. Apá méjì ló ní, wáàtì 35 sì ni apá kọ̀ọ̀kan. EL34 méjì ló wà ní apá òsì, méjì ní apá ọ̀tún. Fóltì tó wà lórí àwọn fáàfù yìí lé ní 400, ṣùgbọ́n iná tó ń gba inú wọn kọjá kò tó nǹkan: bí orin kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú ogún áńpíà ni fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Sípíkà ní tirẹ̀ ń fẹ́ fóltì kékeré àti iná púpọ̀. Tiransífọ́mà ìjáde ló ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín wọn.

A-470 ni orúkọ tiransífọ́mà tó wà nínú Stereo 70. Wọ́n ṣe é kí EL34 méjì lè máa rí ọ́ọ̀mù 4,300 níwájú wọn, torí pé ibẹ̀ ni ara ti máa ń tù wọ́n. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Wáyà tó wà ní ìhà fáàfù yí irin náà ká nǹkan bí ìgbà 23 fún ẹ̀ẹ̀kan tí wáyà ìhà sípíkà yí i ká dé ojú 8. Ọ́ọ̀mù kì í tẹ̀lé iye ìyípo lásán, ìyípo lọ́nà ìyípo ló ń tẹ̀lé. 23 lọ́nà 23 jẹ́ 529, ẹ wá sọ ìyẹn di ìlọ́po mẹ́jọ fún sípíkà ọ́ọ̀mù 8, yóò lé ní 4,200. Fún ojú 4, ìyípo náà jẹ́ bí 33 sí ọ̀kan. 33 lọ́nà 33 jẹ́ 1,089, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 4,356. Ẹ rí i pé ojú yòówù tí èèyàn bá lò, bí sípíkà bá ti bá ojú náà mu, ohun kan náà ni fáàfù ń rí.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í nìyí. Wọ́n rò pé nọ́ńbà 4, 8 àti 16 tó wà lẹ́yìn áńpù jẹ́ ohun tí áńpù ń fún sípíkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tiransífọ́mà kò ní 4,300 kankan nínú fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ di ńlá, tó sì ń gbé síwájú fáàfù. Bí ẹ bá so sípíkà ọ́ọ̀mù 4 mọ́ ojú 8, fáàfù yóò rí 2,150. Bí ẹ bá so ọ́ọ̀mù 2 mọ́ ojú 8 yẹn kan náà, 1,075 ni yóò rí. Áńpù kò ní bú gbàmù lójijì o. Yóò kọrin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yí ohùn rẹ̀ sókè, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kí ó tó dé wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára, iná tó ń gba inú EL34 kọjá á pọ̀ jù, irin àárín fáàfù á máa pọ́n, fáàfù GZ34 tó ń fún gbogbo wọn lóúnjẹ náà á sì máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Fáàfù tó yẹ kó lo ọdún púpọ̀ á wá kú ní kékeré.

Nísinsìnyí, ẹ wo bíríìjì tí wọ́n ní kí ọmọ náà ṣe. Nínú bíríìjì, orí pupa apá òsì àti orí pupa apá ọ̀tún ni sípíkà jókòó lé. Fóltì apá méjèèjì ró pọ̀ lórí rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná tó ń gba inú sípíkà kọjá kò pín. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú apá òsì, gbogbo rẹ̀ náà ló tún ń gba inú apá ọ̀tún. Apá kọ̀ọ̀kan wá mú ìdajì fóltì wá, ó sì ń ru odindi iná. Ìdajì fóltì lórí odindi iná, ìdajì ọ́ọ̀mù ni. Sípíkà ọ́ọ̀mù 4 ti di ọ́ọ̀mù 2 lójú apá kọ̀ọ̀kan, Stereo 70 kò sì ní ojú 2. Bí ọmọ náà bá lo ojú 4, èyí tó kéré jù lọ lẹ́yìn áńpù rẹ̀, fáàfù rẹ̀ yóò máa rí 2,150. Bí ó bá lo ojú 8, ó di 1,075. Ẹni tí sípíkà rẹ̀ ti kéré ní ọ́ọ̀mù ni wọ́n ní kó tún sọ ọ́ di kékeré sí i.

Párálẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ pátápátá. Fóltì kan náà ni apá méjèèjì gbé sórí sípíkà, iná ni wọ́n pín láàárín ara wọn, bí ọkùnrin méjì tó gbé ìtì igi kan lé èjìká, tí ìdajì ìwúwo rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Odindi fóltì lórí ìdajì iná, ìlọ́po méjì ọ́ọ̀mù nìyẹn. Sípíkà ọ́ọ̀mù 4 ti di ọ́ọ̀mù 8 lójú apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá so ojú 8 apá òsì mọ́ ojú 8 apá ọ̀tún, EL34 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti padà sí 4,300 wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Wáàtì 35 lójú ọ́ọ̀mù 8 jẹ́ nǹkan bí fóltì 16.7 àti áńpíà 2.1. Apá méjì ní párálẹ́ẹ̀lì yóò mú fóltì 16.7 kan náà wá, pẹ̀lú áńpíà 4.2. Ẹ fi 4.2 pín 16.7, ọ́ọ̀mù 4 gééré lẹ óò rí, wáàtì sì di 70. Kò sí ìlọ́po mẹ́rin níbẹ̀, kò sì lè sí i láéláé. Apá méjì tó ní wáàtì 35, 35 kò lè mú ju 70 wá, ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà so wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìlọ́po mẹ́rin yẹn, ìṣirò orí ìwé ni fún áńpù oní-tiransísítọ̀ tí iná inú rẹ̀ kò bá tán.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tí arúgbó kan hùmọ̀ ní Mókọ́lá ni mò ń sọ. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Bọ́tìnì kan wà níwájú Stereo 70 tó ń yí i láti sítẹ́rió sí mónò. Bí ẹ bá ti yí i sí mónò, orin kan náà ni yóò wọ apá méjèèjì. Ẹ̀yìn áńpù ni ẹ óò wá fi wáyà so pọ̀. Ẹ tún wo McIntosh MC275, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1961. Fáàfù KT88 mẹ́rin ló ní, wáàtì 75 sì ni apá kọ̀ọ̀kan. Lórí MC275 tí wọ́n ń tà lóde òní, ojú 4, 8 àti 16 ni ẹ óò lò bí ó bá jẹ́ sítẹ́rió. Bí ẹ bá so apá méjèèjì ní párálẹ́ẹ̀lì fún mónò, àwọn ojú yẹn kan náà di 2, 4 àti 8, wáàtì sì di 150. Ẹ wo bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe di ìdajì! Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé sípíkà tí ọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré ni párálẹ́ẹ̀lì wà fún.

Kí ló tiẹ̀ fa sípíkà ọ́ọ̀mù kékeré? Fún AR-3a, ìdí rẹ̀ hàn. Acoustic Research, ní Cambridge, Massachusetts, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1967. Látorí èrò Edgar Villchur ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954: ẹ sé àpótí náà pa gbáá, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ti kóònù, ìyẹn ojú sípíkà tó ń mì, padà. Béèsì tó jáde láti inú àpótí kékeré yẹn jinlẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ àpótí ńlá ìgbà náà kò lè ṣe, ṣùgbọ́n agbára púpọ̀ ló ń jẹ. Ọ́ọ̀mù rẹ̀ tún lè sọ̀kalẹ̀ kọjá 4 nígbà tí àwọn ohùn kan bá ń kọjá, torí nọ́ńbà ẹ̀yìn sípíkà jẹ́ ìwọ̀n àgbékà lásán. Ọmọ tó kọ̀wé sí yín kò ṣàṣejù nígbà tó ní agbára òun kò tó. Wáàtì 35 kò pọ̀ fún AR-3a.

Fún àwọn onígìtá, áńpù Fender Bassman tí wọ́n ń ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1950 títí dé 1960 ni kí ẹ wò. Sípíkà oní-ínǹsì 10 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ́ọ̀mù 8 ni ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn wà ní párálẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ọ́ọ̀mù 2 ni Fender ṣe tiransífọ́mà rẹ̀ fún. Lóde àríyá tiwa, irú ìṣirò yìí náà ló máa ń bá àwọn ọmọ lójijì: wọ́n á so àpótí kan, wọ́n á so èkejì mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á so ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ọ́ọ̀mù 8 á sì ti di 2 kí alága ìjókòó tó dìde. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ti kúrò lójú 8.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan tí àwọn tó ń yin párálẹ́ẹ̀lì kì í sọ. Bí ẹ bá so ojú 8 méjèèjì pọ̀ fún sípíkà ọ́ọ̀mù 4, agbára nìkan ló pọ̀ sí i. Bí áńpù ṣe ń di kóònù béèsì mú kó má baà máa mì kọjá ibi tó yẹ, kò yí padà sí ti apá kan ṣoṣo tó wà lójú 4. Bẹ́ẹ̀ ni, láti 35 sí 70, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 3 péré ni. Etí á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ariwo á di ìlọ́po méjì.

Ọ̀nà kejì wà, òun ni èmi fẹ́ràn jù fún orin inú yàrá. Ẹ fi sípíkà ọ́ọ̀mù 4 náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú 4 apá òsì àti ojú 4 apá ọ̀tún ni kí ẹ so pọ̀ dípò ojú 8. Apá kọ̀ọ̀kan yóò rí ọ́ọ̀mù 8 lórí ojú 4, fáàfù yóò sì máa rí 8,600. Agbára kò ní tó 70 mọ́, yóò wà ní sàkáání wáàtì 35 tàbí kó lé díẹ̀. Kí wá ni èrè rẹ̀? Fáàfù kò ní ṣe wàhálà, ohùn á mọ́, agbára tí áńpù fi ń di kóònù mú á sì di ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Bí orin bá kan ibi tí ọ́ọ̀mù AR-3a ti ń sọ̀kalẹ̀ sí 3 tàbí tó tún kéré sí i, áńpù ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ìlù gángan inú àwo orin àtijọ́ á jáde bó ṣe yẹ, awọ rẹ̀ á dún, á sì dákẹ́ nígbà tí onílù fi ọwọ́ pa á. Bí mo bá jẹ́ ọmọ yẹn, ibí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí i pé ohùn ṣì kéré, kó wá lọ sí ojú 8.

Kí ó tó so ohunkóhun pọ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fò. Áńpù tó bá wá láti Amẹ́ríkà, iná fóltì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa lé ní 220, ó sì máa ń fò sókè nígbà tó bá wù ú. Sítẹ́ẹ̀pù-dáùn tó lágbára dáadáa ló nílò, kí sitabiláísà sì wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wo báyásì, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú fáàfù kọjá nígbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi kan wà níwájú Stereo 70 fún apá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe láti ki orí mítà bọ̀: 1.56 fóltì ni kó kà. Bí apá òsì bá wà ní 1.56 tí apá ọ̀tún sì wà ní 1.2, kò tíì tó àkókò láti so wọ́n pọ̀.

Kó wá fi mítà wò bóyá apá méjèèjì ń lọ síwájú papọ̀. Kó wá rẹsístọ̀ oníwáyà méjì tí yóò dúró fún sípíkà, ọ́ọ̀mù 8, wáàtì 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú 8 apá kọ̀ọ̀kan. Kí bọ́tìnì wà ní mónò. Kó fi fóònù rẹ̀ gbé ohùn kan tó dúró sójú kan wọlé, kí ó má pariwo, títí mítà yóò fi ka bíi fóltì 4 lórí rẹsístọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó wá gbé orí mítà kan sórí pupa apá òsì, kó gbé èkejì sórí pupa apá ọ̀tún. Bí mítà bá ka òdo tàbí ohun tó sún mọ́ òdo, àwọn méjèèjì bára wọn mu. Bí ó bá ka 8, apá kan ti yí padà, bí ó bá sì so wọ́n pọ̀ báyìí, ńṣe ni wọn yóò máa bára wọn jà láìjẹ́ pé iná kankan dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Bí ó bá wà láàárín, bí àpẹẹrẹ bí ó bá ka ìdajì fóltì kan, ó ṣeé ṣe kí fáàfù àkọ́kọ́ apá kan ti rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tún wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí apá kankan wà lórí iná láìsí rẹsístọ̀ tàbí sípíkà lẹ́yìn rẹ̀. Tí orin bá wọlé tí kò sí ohun tí yóò gbà á, fóltì inú tiransífọ́mà lè ga kọjá ohun tí ìbòrí wáyà rẹ̀ lè gbà, á sì jó níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Nígbà tó bá ń so ẹ̀yìn pọ̀, kó pa iná, kó yọ ọ́ lára ògiri, kó sì dúró díẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ń di iná mú lẹ́yìn tí èèyàn ti pa á. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí irú iná bẹ́ẹ̀ gbé jìnnà sí tábìlì.

Ẹni tó bá ní áńpù mónò méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú Mark III ti Dynaco tó ní wáàtì 60, lè ṣe párálẹ́ẹ̀lì kan náà, bí ó bá jẹ́ pé irú kan náà ni wọ́n, tí fáàfù wọn sì jọra. Kó fi wọ́n sórí bọ́tìnì iná kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá wà lórí iná tí èkejì kò sì sí, gbogbo ọ́ọ̀mù 4 yẹn yóò já lé èyí tó wà láàyè lórí nìkan.

Mo sì bẹ àwọn ọmọ wa tó ń lo áńpù oní-tiransísítọ̀, kí wọ́n má gbọ́ ọ̀rọ̀ párálẹ́ẹ̀lì yìí kí wọ́n wá lọ so ẹ̀yìn áńpù tiwọn pọ̀. Áńpù oní-fáàfù ní ìdènà díẹ̀ nínú ara rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí apá méjì lè fara da ara wọn. Ti tiransísítọ̀ kéré púpọ̀, ó lè má tó ìdá mẹ́wàá ọ́ọ̀mù kan. Bí apá kan bá fi ìdajì fóltì péré ga ju èkejì lọ, iná tó lé ní áńpíà 2 ni yóò máa yí láàárín wọn bí ìdènà apá méjèèjì bá jẹ́ ìdá márùn-ún ọ́ọ̀mù lápapọ̀, orin ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Àfi bí ìwé áńpù náà fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó ṣeé ṣe.

Bíríìjì ní ibi tirẹ̀. Ẹni tí sípíkà rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀mù 16, tí áńpù rẹ̀ sì ní ojú 8, ó lè bíríìjì kí apá kọ̀ọ̀kan rí 8 rẹ̀. Ìyẹn ni ìdáhùn tí akọ̀ròyìn yín ìbá fún ẹlòmíràn, kì í ṣe ẹni tó ní AR-3a.

Mo ti ya àwòrán wáyà náà sínú ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: òkè ni ti ojú 4 méjì, ìsàlẹ̀ ni ti ojú 8 méjì, mo sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tí orí mítà yóò wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́sẹ̀ yìí lójú ìwé kan náà tí ìdáhùn àkọ́kọ́ ti jáde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tóbi tó kí nọ́ńbà àwọn ojú náà lè hàn. Bí ẹ bá ní ọ̀nà láti kàn sí ọmọ tó kọ̀wé ṣáájú kí ìwé tó jáde, ẹ sọ fún un kó má tíì tan áńpù bàbá rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ rédíò àtijọ́,
Mókọ́lá, Ìbàdàn.